Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Oyèṣọlá

Wàlíyátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ tó ń fi Faransé bú mi lórí fóònù. Àlàáfíà ni ìyá rẹ wà. Iṣu wa ní Masifa ta dáadáa.

Àbúrò mi Oyèṣọlá ti dé láti ọ̀dọ̀ rẹ ní Àbíjáǹ, kò sì jẹ́ ká sinmi. Ó ní wọ́n ti òun bọnú ẹ̀rọ òòfà, ó ya àwòrán ẹ̀dọ̀ òun, ó sì wọn ọ̀rá inú rẹ̀: ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún! Ó ń fi ìwé náà han gbogbo Èjìgbò bí ẹni kọ́lé. Ìyá rẹ ń se ẹja tútù fún un láìlépo, èmi ọkọ ń jẹ orí panla. Mo bínú, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, aláìsàn ni. Ṣebí ara tiyín le?"

Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí. Nígbà tí o béèrè àlàáfíà wa lórí fóònù, Oyèṣọlá sọ pé ìhà ń dun òun, o sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Èmi ní, "Ara le, a dúpẹ́," bí bàbá ṣe ń dá ọmọ lóhùn. Irọ́ ni mo pa. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìhà ọ̀tún ti ń dun èmi náà, ìyá rẹ ò sì mọ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí, wàá jèrè àwọn ọmọ rẹ. Jọ̀ọ́, mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ yẹn. Bí ọ̀rá tèmi ò bá tó ti Oyèṣọlá, má jẹ́ kó gbọ́.

Bàbá rẹ,
Abíọ́nà