Adìẹ Kérésì Tí Mo Ní Aláàfáà Ló Pa

Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, orí oúnjẹ ni mo sì ti pa á. Ó ti rẹ̀ mí, ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sí yín, torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé tí à ń gbé ní Sùúrùlérè níbí...

Onígbàgbọ́ ni wá, títíṣà ni ọkọ mi ní Yaba. Mùsùlùmí ni àwọn Ìyá Sàfú tí yàrá wọn dojú kọ tiwa, télọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ní Mushin. Ìyá Sàfú yìí ju ọ̀rẹ́ lọ sí mi, òun ló gbé ọmọ mi kejì pọ̀n sáré lọ sí ọsibítù nígbà tí gìrì mú un tí ọkọ mi ò sí nílé. Tí Kérésì bá dé, Bàbá Sàfú ló máa ń bá wa pa adìẹ, kí gbogbo ilé lè jẹ níbẹ̀, torí àwọn kì í jẹ ẹran tí Onígbàgbọ́ bá dúńbú. Tí Iléyá bá dé, wọ́n á bu ẹran fún àwa náà. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn.

Àfi lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, tí ọkọ mi wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹsẹ̀ gbá búùtà tí Bàbá Sàfú fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó ní ó dí òun lọ́nà. Ìyẹn pè é ní kèfèrí. Bí wọn ò ṣe kí ara wọn mọ́ nìyẹn. Ọkọ mi ní ẹran ẹbọ ni ẹran Iléyá, ìyẹn ní oúnjẹ wa ò mọ́. Mo bẹ tibí, mo bẹ tọ̀hún, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ó di àárọ̀ Kérésì, kí n tó lọ ata dé, ọkọ mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa adìẹ méjèèjì, ó ń tu ìyẹ́ wọn, ó ń kọrin, inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí ẹni tó máa ń bá wa pa á. Ó ní òun ò lè fi ìkùnsínú ṣọdún, kí n bu abọ́ tó kún fún Bàbá Sàfú, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Kí ni kí n sọ? Kí n ní wọn ò ní jẹ ẹran ọwọ́ rẹ̀? Ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ṣé kí n tún mú un le? Mi ò bá bu ìrẹsì nìkan, ọgbọ́n ẹ̀ ò wá... Mo gbé abọ́ náà lọ. Bàbá Sàfú wo abọ́, ó wò mí, ó béèrè ẹni tó pa á. Ẹnu mi yá jù mí lọ, mo ní aláàfáà òpópónà kejì ni. Ó ṣe bísímílà, ó jẹ, Ìyá Sàfú jẹ, àwọn ọmọ fọ́ egungun.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti tòrò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin méjèèjì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Jésù àti Ànábì Ísà, wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń bú ẹnì kan. Ọkọ mi ti ra búùtà tuntun fún un. Ohun tí mo ń gbàdúrà fún gan-an rè é, èmi nìkan ni ò lè jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá ti dárúkọ aláàfáà báyìí, mo ti sá wọ yàrá. Ìyá Sàfú sì ń sọ fáyé gbọ́ pé nínú yàrá mi, òun lè dijú jẹun. Ojú ń tì mí láti wò ó.

Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ìjà ò ní padà? Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ẹni tó gbá búùtà, ojúkorojú ló ti gbá a. Èmi tí mo fi ẹ̀rín gbé abọ́ lọ ńkọ́?

Iléyá ti dé tán, àgbò Bàbá Sàfú ti wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé. Lánàá ni ọkọ mi ní òun máa jẹ níbẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ní bí Bàbá Sàfú bá lè jẹ adìẹ tí òun fọwọ́ ara òun pa, kí ló dé tí òun ò ní jẹ àgbò tirẹ̀... Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbí kí n panu mọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn kí wọ́n tó dúńbú àgbò yẹn.