Ríìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Mo parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí, irọ́ náà sì lè pa á... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa ṣépè fún mi, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, nítorí mi ò lẹ́nì kan nínú Abuja yìí tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sáré lọ rò ó fún un. Cybercafé ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Wuse, tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ forí jì mí, ara mi ò balẹ̀.

Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Òun ló kọ́kọ́ dé Abuja, ó ń ta léèsì ní Wuse Market, ó ti lọ sí Mẹ́kà, Alhaji ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo dé, ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sùn, mi ò sẹ́ oore. Ṣùgbọ́n pickup mi, èmi ni mo rà á. Èmi àti ìyàwó mi tó ń ta ẹja yíyan ní Kado la jọ fi ebi pa inú títí a fi rà á, tokunbo ni, ó tóbi, ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo fi ń fa ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ní Kubwa expressway, òun náà ni mo fi ń fa trailer kékeré tí mo fi ń kó ẹrù fún àwọn èèyàn. Ibẹ̀ la ti ń jẹun. Kò sí kọ́bọ̀ Alhaji níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kò sí.

Nígbà tó yá, ríìmù tó bá a wá láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, mo sì lọ ń wá òmíràn. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ fa ọkọ̀ ò lè ra ríìmù bí ẹni ń ra bàtà o. Ìwọ̀n ẹrù tí ríìmù lè gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, níbi tí ojú kì í dé. Ihò àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, kò sì gbọdọ̀ ti táyà síta jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíárìn inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa jẹ ni. Mo wá a títí mo fi rí mẹ́rin tó pé, irin dúdú, kò dán, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo lọ fi tó Alhaji létí kí n tó rà á. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílé wa, àbúrò kì í dá ra nǹkan gidi láìwí fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní ó ti gbọ́n jù. Àdúrà lásán ni mo lọ gbà. Ó ní kí n dúró ná, kí n má tíì rà á... mo sì dúró bí ọ̀dẹ̀.

Nígbà tó di Sunday tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń ṣèpàdé, ó pe gbogbo èèyàn síta, ó ní kí wọ́n ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ òun. Ríìmù alloy mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó ń dán, èèyàn lè fi wo ojú. Gbogbo wọn pariwo. Mo yí ọ̀kan padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé ẹrù tó lè gbé kò tó ìdajì ohun tí mò ń fà. Fáàrí lásán ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ? Níwájú gbogbo ìlú? Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Àáfáà gbàdúrà, ó ní Ọlọ́run á dá òmíràn padà fún Alhaji lórí ọkọ̀ tó rà fún àbúrò rẹ̀. Ọkọ̀ tó rà! Wọ́n ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín, Ọlọ́run dárí jì mí. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ Alhaji ló ń jẹ́. Màmá wa nílé ń gbàdúrà fún un lórí ọkọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ò sì tọ́ wọn sọ́nà, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ra bọ́tìnnì, ṣé òun ló dá aṣọ?

Mo padà lọ ra irin dúdú yẹn ní bòókẹ́lẹ́. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Alloy wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ní Kado, láàárín àpò ẹja. Bí ìpàdé bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo máa gbé jáàkì àti spanner, mo máa tú irin dúdú, mo máa fi ọṣẹ fọ alloy kí òórùn ẹja lè kúrò, mo máa so ó mọ́ ọkọ̀, mo máa wà á lọ jókòó níwájú àwọn èèyàn. Tí a bá dé, mo tún tú u. Ọdún méjì ni mo ti ń ṣe wèrè yìí. Nígbà kan Alhaji rúnmú níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní ọkọ̀ òun ń rùn, kí ìyàwó mi máa wẹ̀ dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi sunkún dé ilé wa ní Kubwa, èmi kàn ń wa ọkọ̀ lọ... ṣé ọkùnrin ni mí báyìí?

Ní òjò tó kọjá, bí a ṣe jáde ní ìpàdé ni ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ní kí n bá òun fa bọ́ọ̀sì òun tó kún fún ẹrù láti Zuba. Mi ò lè ní kó dúró kí n lọ pààrọ̀ ríìmù. Mo wọ kòtò kan lọ́nà. Nígbà tí mo délé, ẹsẹ̀ kan ń jò, mo tú u, mo rí i pé ríìmù ti sán, láti ihò nọ́ọ̀tì kan bọ́ sí èkejì. Wẹ́dà kan, ọmọ Hausa, bá mi jó o pọ̀, ó mi orí, ó ní kai, kí n má fi gbé ẹrù o. Mo ní mo mọ̀. Mo fín ọ̀dà fàdákà sí i, ìpàdé nìkan ni mo fẹ́ máa fi lọ. Ẹ ò lè rí ojú ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Alhaji pè mí. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀ ńlá fún mọ́ṣáláṣí agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́ kó o lọ kí Iléyá tó dé, pickup mi àti trailer ló máa fi fà á, lọ́jọ́ Saturday tó ń bọ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wà á, kí ìlú lè rí i. Kí n má tẹ̀lé òun, kí n bá òun jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Kí n sì fọ ríìmù yẹn kó mọ́. Àná ló wá gbé ọkọ̀ náà. Èmi ni mo so alloy mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà... ẹ̀yìn ni trailer máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn náà ni mo so èyí tó sán yẹn mọ́. Mo lè fi í síwájú. Mo lè fi spare rọ́pò rẹ̀. Mo gbé e, mo wò ó, inú ń bí mi, mo fi í sẹ́yìn, mo sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pinpin.

Ṣé mo fẹ́ kó kú ni? Mo sọ fún ara mi pé rárá, pé á kàn kán sí i lọ́nà ni, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, á pè mí, èmi á wá fi irin dúdú mi gbé e, gbogbo ayé á rí i pé ẹ̀bùn rẹ̀ ò wúlò. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Iṣẹ́ mi ni. Mo mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń rí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Lokoja, tí ẹrù sì ń tì í bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti fa irú wọn rí. Mo ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣéènì mi rí.

Láàárọ̀ yìí ló tún pè mí. Oríkì mi ló fi pè mí, ó ti pẹ́, láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni mi ò ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní ọ̀nà náà jìn, ojú òun ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òun ò sì mọ ọkọ̀ wà tó mi. Ó wá bi mí pé, ṣé ọkọ̀ rẹ dáa fún ọ̀nà yìí ṣá?

Ọkọ̀ rẹ. Ó ní ọkọ̀ rẹ. Ohun tí mo ti ń retí láti ọdún méjì, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Ẹnu mi kàn dáhùn pé ó dáa, sà. Ó ní tó bá ti wá láti ẹnu tèmi, ọkàn òun balẹ̀. Ó pa fóònù.

Ẹ̀yin ará, Thursday la wà yìí. Irin dúdú wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Kado, mo lè gbé e lọ sí ilé rẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n á bèèrè. Ẹgbẹ́ á gbọ́, màmá wa á gbọ́, wọ́n á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí, ìyẹn gan-an kọ́ ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Bí mo bá parọ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, ṣé ó tó? Àbí kí n jẹ́wọ́ tán? Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó dìde níbi kọ̀ǹpútà yìí... tí mo bá dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ, pé ríìmù ti sán, àbí pé mo mọ̀ nígbà tí mò ń so ó?