Ìbàdí Ṣòkòtò Bàbá

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara wa le. Òrùlé ilé ìdáná ò jò mọ́. Bàbá wà nídìí maṣíìnì, wọ́n ń dájọ́ irọ́ fáwọn oníbàárà bíi télọ̀ gidi.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí Màámi lórí fóònù ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ní oúnjẹ wọn ò tó ni Bàbá fi ń dín ìbàdí ṣòkòtò ara wọn kù. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà ti là á yé wa: kókó jẹjẹrẹ tó wà lára Bàbá ló ń ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀rá àti iṣan pé kí wọ́n máa yọ́, ọ̀rá àti iṣan sì ń gbọ́ tirẹ̀. Bí Bàbá jẹ odindi ìkòkò ọbẹ̀, wọn á ṣì máa rù. Màámi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Kì í kúkú ṣe ọbẹ̀ mi."

Ìtọ́jú ti ń mú kókó náà sunkì. Jọ̀ọ́, pe Màámi, kí o bẹ̀ wọ́n nítorí ohun tí o sọ nípa oúnjẹ wọn. Olúwa á máa ṣọ́ ilé rẹ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Bàbá ń fi abẹ tú ìbàdí ṣòkòtò, wọ́n ní ó ti ń fún àwọn, ara ti ń padà. Màámi ní kí wọ́n tú u dáadáa, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin