Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Tí Kò Ní "Èmi"

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ìlà Kẹrin,
                                        Adéwọlé,
                                        Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Olúwakẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹsẹ̀ rẹ tó wú nígbà oyún, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Mo gbọ́ pé Màámi ti wá láti Òmù-Àrán láti bá ọ tọ́jú ọmọ. Bá mi kí wọn kú iṣẹ́, kí o sì sọ fún wọn pé èmi náà ń bọ̀ wá jẹ nínú ọbẹ̀ ata wọn. Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Abdulhaleem ọkọ mi ní kí n má kọ lẹ́tà gígùn, pé abiyamọ kì í ráyè kàwé. Mo ní ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ kò kàn án.

Kẹ́mi, mo rí ohun kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì á kàn máa já a sí wẹ́wẹ́ ni.

O rántí Salimat, àbúrò ọkọ mi, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tí mo máa ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Yunifásítì tó wà ní Malete lòun náà ti kàwé jáde bíi tiwa. Ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló kọ́. Láti ìgbà tó ti sin ìjọba tán ni kò ti ríṣẹ́, ó wá ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní ọjà Ìpàta. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó wà ní Kàdúná ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ wá bá òun ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Gbogbo ilé ti gbà. Wọ́n ní bí oṣù náà bá parí láìríṣẹ́, ó ń lọ nìyẹn. Salimat kò ní òun ò lọ, ọmọ Àáfà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń ká aṣọ sínú báàgì tó sì tún ń tú u jáde, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Àsìkò yẹn ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà ọ̀wọ́n, kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó àká wọn kí kòkòrò má bàa jẹ ọkà. Bí ẹni pé Salimat ni wọ́n ń wá ló rí. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ojú ìwé kan péré, kó sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi tọ́ sí i.

O mọ̀ pé níbi iṣẹ́ tèmi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e fún ọ̀gá. Ojú mi ti rí nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dà á kọ. Ẹnì kan tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sínú tirẹ̀, ó ń sọ fún wa bí òun ṣe nífẹ̀ẹ́ wọn tó! Nítorí náà, nígbà tí Salimat gbé tirẹ̀ wá, mo ti mú bírò dè é.

Tirẹ̀ kì í ṣe àdàkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sàláámà, ó kí ọ̀gá, ó kí ìdílé ọ̀gá, ó ṣàdúà kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wọn. Ojú ìwé ti dé ìdajì kó tó sọ pé iṣẹ́ lòun ń wá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìdajì kejì ni kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọ ọ́ pé, "A gbìyànjú díẹ̀ nínú ọjà. A rí àánú Ọlọ́hun gbà lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò. A ṣe é, a rí i, a dúpẹ́." Mo bi í pé, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwa ta ni? Ìwọ àti ta lẹ jọ ń wáṣẹ́?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mọ ilé wa. A kì í sọ èyí tí ẹ fẹ́ yẹn nílé wa."

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Bàbá ọkọ mi, Àáfà Abdulwaris, ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti kékeré pé Bìlísì ló kọ́kọ́ sọ pé "èmi sàn jù ú lọ", nígbà tí Ọlọ́hun ní kó forí balẹ̀ fún Ànọ́bì Ádámọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sá fún "èmi" nínú ilé yẹn. Bí ọmọ wọn bá gba ipò kìíní, "a dúpẹ́" ni. Bí ọbẹ̀ wọn bá dùn, "ó kàn bọ́ sí i" ni. Ọkọ mi gan-an, ọjọ́ tó wá dẹnu ìfẹ́ kọ mí, "a fẹ́ràn yín" ló sọ. Mo wẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó mú ẹlòmíràn dání.

Mo ní, Ànọ́bì Yúsúfù wá ńkọ́? Ṣebí òun ló sọ fún ọba Íjíbítì pé kó fi òun ṣe olórí àká ilẹ̀ náà, pé òun mọ nǹkan tọ́jú, òun sì mọ iṣẹ́ náà? Lẹ́tà ìwáṣẹ́ wo ló tún jù yẹn lọ? Salimat wò mí bí ẹni ń wo ọmọ jélé-ó-sinmi. Ó ní, "Ànọ́bì nìyẹn, Àǹtí. Ta ló gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ti kọjá bírò mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sí agbo ilé wọn lẹ́bàá Ìpàta. Baba wà lórí awọ àgùntàn tí wọ́n fi ń kírun. Èmi ni mo kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ahọ́n Salimat ti wọlé lọ. Mo rò pé Baba á bínú. Wọ́n kàn bi Salimat pé, "Tó o bá ń ka Fátíà lórí ìrun, kí lo máa ń sọ fún Ọlọ́hun?"

Ó ní, "Ìwọ nìkan ni à ń sìn."

"À ń sìn. Ó dáa. Tó o bá wá jókòó, tó kan ìjẹ́rìí ńkọ́?"

Salimat na ìka kan láìmọ̀, bí a ṣe máa ń nà án níbẹ̀. Ó ní, "Mo jẹ́rìí pé," ó sì dákẹ́ lójijì.

Baba ní, "Ṣó o gbọ́ ara ẹ? Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè wà lẹ́yìn lèmọ́mù, oníkálukú ló ń na ìka tiẹ̀. Ẹ̀rí ò ní àwa. Bìlísì ní òun sàn ju ẹnìkejì lọ, ìyẹn ni ìgbéraga. Àmọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó o ṣe, tó o wá fi í pamọ́ sábẹ́ àwa, ẹ̀rí lo fi pamọ́ yẹn. Lọ kọ ọ́. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Tó o bá parí, wá kà á sí mi létí."

Láti kékeré ni mo ti ń na ìka yẹn, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń ṣà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ẹ̀rí ọmọ ènìyàn ni wọ́n.

A padà sí Adéwọlé, Salimat jókòó ti tábìlì. Ìkíni gígùn jáde nínú lẹ́tà. Mo ní kó má sọ pé òṣìṣẹ́ takuntakun lòun, torí gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Kó sọ ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Bí gbólóhùn kan bá le fún un, á kọ́kọ́ sọ "mo jẹ́rìí pé mo" sábẹ́ ahọ́n, kó tó kọ ìyókù sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọdún tí kòkòrò jẹ ẹ̀wà àwọn ìyá ọjà bí ẹni fi ọlọ lọ̀ ọ́, ọkùnrin kan gbé oògùn líle kan kiri wá bá wọn. Wọ́n ti fẹ́ máa rà á. Salimat ló dìde, tó sọ fún wọn pé oògùn yẹn ń pa ọmọ ènìyàn. Ó di àpò ẹ̀wà ìyá rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, ó fún un pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, ó gbé e sójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ yunifásítì ń sé ẹ̀wà mọ́lé. Nígbà tí òjò lọ tán, wọ́n tú u níṣojú gbogbo wọn. Kòkòrò kan kò mí níbẹ̀. Ó sì kọ́ gbogbo ìlà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, ó so òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ẹnu àpò, kí wọ́n lè mọ oṣù tí wọ́n dì í. Èmi tí mò ń ra ẹ̀wà níbẹ̀, mo ti máa ń rí òwú yẹn, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni! Ẹ̀wà tí mò ń sè fún àwọn ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọjá. Mo kàn ń wo Salimat nídìí tábìlì mi ni, bí ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Lẹ́tà náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí. Wọ́n ti pè é fún ìntáfíù, Ọjọ́ Ajé ni. Bá wa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Kí a tó fi ránṣẹ́, a padà sọ́dọ̀ Baba bí wọ́n ṣe wí. Salimat ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìyá rẹ̀ ń mi orí sí i, torí ó ṣojú tirẹ̀. Baba kò gbọ́ ọ rí, nítorí nínú ilé tí kò sí "èmi", ta ni yóò sọ ọ́ fún wọn? Nígbà tó kà á tán, Baba bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún títí, wọn kò sì fi í sójú mọ́.

Wọ́n ní, "Salimat, ìwọ lo ṣe gbogbo eléyìí?"

Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ "a". Ó gbé e mì. Ó ní, "Èmi ni, Baba."

Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bojú. Baba mú fóònù, wọ́n pe àbúrò wọn ní Kàdúná, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n wá ní kó wá ẹlòmíràn fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bóyá ó bi wọ́n pé ṣé Salimat ti ríṣẹ́ ni, n kò mọ̀. Èsì tí mo gbọ́ ni, "Mo jẹ́rìí pé ó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Èmi ni mi ò mọ̀."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí Màámi, kí o sì gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kan wà ní Ìlọrin tó ń bọ̀ wá gbé e pọ̀n.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́,

Rasheedah