Ẹsẹ̀ Tí Mo Gbọ́ Lẹ́yìn Mi

                                                            Ilé Ìfọṣọ Àǹtí Mi,
                                                            Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Ẹlẹ́yinjú, ọ̀rẹ́ mi tí kò láfiwé,

Báwo ni o? Ṣé àlàáfíà lo wà? Báwo ni ẹ̀kọ́, báwo ni ìdánrawò àárọ̀, báwo ni òtútù orí pápá tó máa ń ta wá létí? Mo nírètí pé ò ń jẹun dáadáa, pé o sì ń sùn dáadáa. Oorun yẹn gan-an ló jẹ mí lógún jù. Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé eyín tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Àǹtí mi ní kí n kí ọ. Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ gan-an kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà, nítorí náà ìkíni ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá rẹ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Súùtù kan ni wọ́n kó wá pé kí á bá wọn fọ̀, kí á bá wọn lọ̀, torí ọ̀rẹ́ wọn kan fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n jókòó sórí àga tí à ń kó aṣọ ìdọ̀tí lé, wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ tí o rán wọn. Wọ́n ní o ní kí n má bínú sí àwọn tó tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀yìn Ìyá Àdúrà ni ìwọ tò sí ní tìrẹ, pé o sunkún títí tí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ. Ìgbà tí wọ́n ti dìde tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ìyókù, pé tí n kò bá lo bàtà oníìṣó tí mo fi ń sáré mọ́, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, ṣebí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan náà ni wá.

Ẹ̀rín pa mí. Àǹtí mi yọ orí láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí a sá, wọ́n ń wo ẹnu mi, torí láti ìgbà tí mo ti délé wọn ò tíì gbọ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo lọ súùtù bọ̀ọ̀dá rẹ débi pé wọ́n lè fi ìlà ṣòkòtò rẹ̀ gé búrẹ́dì. Bọ̀ọ̀dá rẹ ò mọ nǹkan kan, iṣẹ́ tí o rán wọn ni wọ́n jẹ́.

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n rán ọ létí àwọn nǹkan díẹ̀, bóyá o ti gbàgbé. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wọ yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn eléré? Okùn lo fi di àpótí rẹ, okùn náà já lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ohun ìní rẹ sì fọ́n sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ gba oúnjẹ. Wọ́n rín ọ débi pé ọ̀kan dì mọ́ ògiri. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọ ṣà wọ́n. Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́, à ń pín ọṣẹ, à ń pín àpótí aṣọ, à ń pín èébú tí a fi ń bú àwọn tó kù.

Ṣé o rántí bí Baba Fèrè ṣe tò wá? Kóòṣì wa náà ni mò ń wí, tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu wọn, kódà nínú yàrá ìjẹun. Wọ́n fi ọ́ sí ipò kẹta nínú eré ìje eléèyàn mẹ́rin, wọ́n fi mí sí ipò ìkẹyìn, pé ìwọ ni wàá máa gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, etí ló máa fi ríran. Wọ́n wá fi táwẹ̀lì dì mí lójú láàárín pápá, wọ́n ní kí gbogbo yín máa sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ ẹni tó ń bọ̀. Àṣìsọ ni mò ń sọ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá já bọ́ lù ọ́ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, o sì bú mi débi pé Baba Fèrè yọ fèrè lẹ́nu láti gbọ́ ọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ máa ń wúwo lulẹ̀ ju ọ̀tún lọ, torí ọmọ ìka tí o dá nígbà tí o já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé ìyá bàbá rẹ. Pàtì, pàtì, pàtì. Mo mọ̀ ọ́n lórí koríko, mo mọ̀ ọ́n lórí sìmẹ́ǹtì. Bí o bá ń bọ̀ láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì, mo ti mọ̀ kí o tó kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹsẹ̀ kankan láyé tí mo mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi ti àǹtí mi tó tọ́ mi dàgbà.

Ọjọ́ ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́? Èyíkéyìí tí o bá gbàgbé, o ò lè gbàgbé ìyẹn. Wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Mo dúró síbi tí mo máa ń dúró, mo kọjú síwájú, mo fetí sẹ́yìn. Mo gbọ́ pàtì, mo ṣí ẹsẹ̀. O kígbe pé "Gbà!" bí ẹni tí iná ń jó, ọ̀pá sì wọ ọwọ́ mi bí ìgbà tí ìyá ń ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu. Àyà ni mo fi ju ọmọbìnrin tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yẹn lọ. Baba Fèrè ju fèrè wọn nù, a sì fi ọwọ́ wá a nínú koríko títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. O pọ̀n mí yí pápá ká. O ní ẹlòmíì kankan ò ní gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ láé. Mo gbà ọ́ gbọ́, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣan ẹ̀yìn itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. O mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí kò bá lè sáré mọ́ kò ní bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ẹni tí kò sì ní bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa san owó ilé ìwé rẹ̀. Aṣọ ni àǹtí mi ń fọ̀. Tí wọ́n bá lé mi kúrò nínú eré, wọ́n lé mi kúrò nínú ẹ̀kọ́ nìyẹn, àti olùkọ́ tí mo fẹ́ dà, àti ohun gbogbo. O ti àpótí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, o fi ìpara gbígbóná ra itan mi, o sì sọ fún mi pé, "Fọkàn balẹ̀ jàre. Inú mi ló máa kú sí." Òótọ́ lo sọ, ó kú. Àfi pé ó kọ́kọ́ yà ní ọ́fíìsì Baba Fèrè kó tó kú.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwa eléré tí wọ́n ń bọ́ ti pọ̀ jù, kí ẹnì kan kúrò nínú àwọn obìnrin. Baba Fèrè tó lè jágbe mọ́ ọ̀gá àgbà pàápàá ò lè wo ọmọ ọlọ́mọ lójú kí wọ́n sọ pé kó máa lọ sílé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe dá ìtòlẹ́yìn sílẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ ti sọ ọ́ fún wa rí, a rò pé ìtàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ tuntun ni. Wọ́n á pe èèyàn mẹ́ta síwájú, wọ́n á ní kí wọ́n dúró lórí ìlà tí eré ń parí sí, kí wọ́n kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́. Àwọn tó kù á wá lọ tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Baba Fèrè á wò ó, wọ́n á fọn fèrè, gbogbo èèyàn á tú ká, ìgbà náà ni àwọn mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yíjú. Ẹni tó lọ ò ní mọ ẹni tó lé òun. Gbogbo yín á dì mọ́ ọn, ẹ ó sì jọ sunkún.

Wọ́n pe Ọmọ Tuntun torí pé òun ló dé kẹ́yìn. Wọ́n pe Ìyá Àdúrà torí pé eré rẹ̀ ti ń fà. Wọ́n wá ń wo fèrè tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Agílíńtí, mo gbọ́ pé itan rẹ ò gbádùn." Mo ní ta ló sọ fún wọn. Wọ́n fi fèrè sẹ́nu.

A dúró. Ìrì ṣì wà nílẹ̀, ó ń rin bàtà mi. Ìyá Àdúrà ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n tò sẹ́yìn mi, ó sì dárúkọ mi ní kíkún kí Ọlọ́run má baà ṣi èèyàn mú. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ rìn lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ó pẹ́.

Ni mo bá gbọ́ pàtì. Pàtì, pàtì.

Kí n tó rí nǹkan kan rò, ọwọ́ mi ti lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ là, àtàǹpàkò yà sọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àyà mi tilẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́, bí ó ṣe máa ń fúyẹ́ tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ náà dúró gbọnin lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ bí o ṣe mí. Kò sí ọ̀pá, kò sí "Gbà!" Mo na ọwọ́ síbẹ̀ bí alágbe, títí mo fi mọ ibi tí mo wà, mo wá fà á padà, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn tìrẹ, ẹsẹ̀ àwọn tó kù ń rọ́ wá. Ẹni tó máa ṣíwájú ni wọ́n ń dúró dè.

Nígbà tí fèrè dún tí mo yíjú, ìwọ ti wà lọ́hùn-ún nídìí òpó, omijé ti bo ojú rẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ dì mọ́ mi. O sunkún débi pé èjìká ẹ̀wù mi rin ju bàtà mi tó wà nínú ìrì lọ. Ó dùn mí, Ẹlẹ́yinjú. Itan ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń di ẹrù, ò ń bá mi ká aṣọ, ò ń bú àwọn tó ṣe é, mo sì ń wo ẹnu rẹ bó ṣe ń ṣí, bó ṣe ń pa dé.

O wá rán bọ̀ọ̀dá rẹ sí mi pé ẹ̀yìn Ìyá Àdúrà lo wà. Ṣebí o rí ọwọ́ mi. Kí lo rò pé mò ń fi ṣe, pé eṣinṣin ni mò ń lé?

Ó tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n fún ọ ní ìròyìn tó dùn. Ọmọ Tuntun máa ń yà síbí ní ìparí ọ̀sẹ̀, torí ẹ̀yìn ibùdókọ̀ wa ni ọ̀nà ilé wọn gbà. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń bá mi fi aṣọ kọ́ hángà. Ó ní ìwọ lò ń sá ti ìkẹyìn báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì mi lo sì ń sùn, òun ló ń gbé ọ̀pá fún ọ. Ó ní ọ̀pá ń já bọ́ ṣáá torí pé ò ń wẹ̀yìn. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bá ọ sáré.

Mo kọ́ ọ dáadáa. Mo sọ fún un pé kó gbé ọ̀pá sókè fún ọ, pé o máa ń tètè ṣí ẹsẹ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́. Bí mo ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ ni mo sọ ti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ náà fún un: pé ó máa ń wú lẹ́yìn ìdánrawò, pé ò ń fi báńdéèjì dì í lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àti ti báákẹ́ẹ̀tì omi tútù tí o máa ń ki ẹsẹ̀ náà bọ̀ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Mo ní àṣírí ni o. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, inú òun ló máa kú sí.

Ó tún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń sọ ọ́ pé ẹ ṣì pọ̀ jù, pé ẹnì kan tún máa kúrò kí sáà yìí tó parí.

Bá mi kí gbogbo ilé. Sọ fún Ìyá Àdúrà pé Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀, kó má gbàgbé ìdúpẹ́. Kí Baba Fèrè fún mi. Kí màmá rẹ, sọ fún wọn pé mo ń rántí eyín wọn. Bàtà ti wà lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá rẹ pẹ̀lú súùtù wọn. Mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ okùn rẹ̀, bàtà tó dára ni. Òun ni kí o wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ síwájú. Má wẹ̀yìn, jọ̀ọ́, o mọ̀ pé o ti sọ ọ́ di àṣà. Etí ni kí o fi ríran. Ẹsẹ̀ Ọmọ Tuntun fúyẹ́, kì í dún púpọ̀, nítorí náà tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bó ṣe ń dún láti ìsinsìnyí. Tí ọwọ́ rẹ bá sì lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ tí o bá gbọ́ ọ, má tijú. Tèmi náà lọ.

                                                            Èmi ni, ẹni tí o máa ń bá níwájú,
                                                            Agílíńtí.