Jacob Ọlábámijí Adétóyè (1882–1931): Olùkọ́ Tí Wọ́n Rán Níṣẹ́ Tí Wọn Kò Fẹ́ Gbọ́ Èsì

Ìlú Ọ̀fà ni a ti bí bàbá wa ní nǹkan bí ọdún 1882. Bàbá tó bí wọn ni Adétóyè, àgbẹ̀ oníṣu. Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín ni wọ́n tìyá tìbàbá. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ogun tú Ọ̀fà, tí àwọn òbí wọn gbé wọn sá lọ sí Ìkirun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́dọ̀ katikíìsì kan.

Ní 1903, ìjọ rán wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kan ní ìhà gúúsù. Wọ́n padà sílé sí Ọ̀fà, wọ́n di tíṣà. Lásìkò tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa ni wọ́n gbé ìyá wa, Evelyn Ọmọ́bọ́láńlé, níyàwó.

Ní 1924, ìjọ dá kíláàsì girama kékeré sílẹ̀ ní Ọ̀fà, wọ́n sì fi í sábẹ́ bàbá wa. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ní kí bàbá wa máa jókòó ti àwọn olùkọ́ tuntun níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni, kí bàbá wò ó bóyá ẹ̀kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà fún wọn tó iṣẹ́ náà í ṣe. Kò tó o, ẹ̀yin ènìyàn wa! Níṣojú bàbá wa ni ọ̀kan nínú wọn ti na Sàláwù, ọmọ alágbẹ̀dẹ, nítorí pé ó béèrè ìdí tí ìṣirò kan fi rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀. Pàṣán bá ọmọ náà létí. Sàláwù kò fi etí yẹn gbọ́ràn mọ́, kò sì wá sílé ìwé mọ́.

Nígbà tí bàbá pe olùkọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹkún ló bú sí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, títí mo fi gba sátífíkéètì, wọn ò jẹ́ kí n dúró níwájú ọmọ kan ṣoṣo rí."

Bàbá wa kò fi bò. Wọ́n sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà: "Ẹ kó ìwé sí wọn lórí, ẹ ò kọ́ wọn níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe mí. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi kọ́ṣẹ́."

Alága dá wọn lóhùn: "Tíṣà, a rán ọ pé kí o wá sọ pé ó dára ni."

Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ bàbá wa, wọ́n lé wọn lọ sí Òjòkú láti máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A, B, D. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà kò yí nǹkan kan padà.

Àmọ́ àwọn olùkọ́ tuntun mọ ẹni tó fẹ́ràn wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé. Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ní Òjòkú, àwa ọmọ ilé àti ọmọ aládùúgbò la máa ń jókòó bí kíláàsì. Wọ́n á máa kọ́ wa, bàbá á máa tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ibà ti mú bàbá wa lọ ní ọdún 1931 yìí.

Lánàá, àwọn aláṣẹ kan náà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá sọ̀rọ̀ ìyìn níbi ìsìnkú. Ìyá wa dá ìránṣẹ́ lóhùn: "Ẹ ní ọkọ mi ti lọ, kò gbọ́ ìyìn mọ́. Ìyá Sàláwù ṣì wà láàyè, kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́." Nítorí náà, ohùn ẹbí nìkan ni ẹ ó gbọ́ lónìí.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni ìyá wa, àwa ọmọ, Láńrewájú, Ajíbádé àti Tinúọlá, ọmọ-ọmọ kan, àti àbúrò wọn obìnrin, Ràfátù, tó wà nílé ọkọ ní Ìjàgbó.

Bàbá wa, ẹ ti ṣe tiyín. Kí ilẹ̀ Ọ̀fà gbà yín jẹ́jẹ́. Ẹ fi ìbínú sílẹ̀ fún wa, ẹ sùn re o.