Àmì Ẹ̀yẹ Baba Oníbẹ́ẹ̀dì

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Oníbẹ́ẹ̀dì, tí mo dá ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin sílẹ̀, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi síbí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe orí. Ọpọlọ mi jí pépé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Mo fi àkọ́bí mi obìnrin àti agbẹjọ́rò ìdílé wa ṣe alámòójútó ogún mi.

1. Ilé tí a ń gbé di ti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ajá mi di ti ẹni tó bá lè fara da híhanrun rẹ̀.

2. Ilé iṣẹ́ di ti àkọ́bí mi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ́gbọọgba. Lọ́dọọdún, kí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá kọ́kọ́ rọ máa lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó ta ẹyọ kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo gbé bẹ́ẹ̀dì tí ilé ìgbẹ̀bí rà lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan jókòó lé e, ó dún. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé bẹ́ẹ̀dì lẹ rọ ni àbí ọ̀pọ̀lọ́? Ẹni tó ń rọbí ò gbọdọ̀ máa gbọ́ irú èyí." Mo gbé e padà, mo tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi bẹ́ẹ̀dì tọrẹ, kí n ṣáà lè rí ojú rẹ̀. Ó di ìyàwó mi, ọrẹ náà kò sì dúró. Lórí bẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn ni ó bí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí.

3. Àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì tí ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ fún mi, pé mo jẹ́ aṣáájú pàtàkì láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oore fún ará ìlú, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Kí ẹ fín orúkọ ìyá yín sí òkè tèmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi, alága ẹgbẹ́ náà sọ pé ìfẹ́ ọmọ ènìyàn ló mú mi máa tọrẹ. Ìyá yín jókòó níwájú, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ọdún kejì ni ó kú. N kò tíì rí ẹlòmíràn tí a lè jọ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

4. Ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ rà á nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí ọrẹ yìí ló ṣe bínú kúrò. Ó ní bí a bá ń ṣe oore báyìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwa oníbẹ́ẹ̀dì yóò máa sùn. Ó lọ ń ṣe àga, a kò sì kí ara wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àmì ẹ̀yẹ, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó dúró, ó ń pàtẹ́wọ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó ti lọ.

Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ náà fún un. Láàárọ̀ òní, mo ránṣẹ́ pè é, mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa fi rọ ti ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ jẹ́ kí èmi ṣe ẹlẹ́rìí." Agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún un pé ẹlẹ́rìí kì í jogún. Ó ní òun gbọ́, ó sì na ọwọ́ gba bírò.

Nítorí náà, ẹ̀rọ náà di ti ilé iṣẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Baba Oníbẹ́ẹ̀dì

Ẹlẹ́rìí kìíní: Àbúrò rẹ̀, oníṣẹ́ àga
Ẹlẹ́rìí kejì: Télọ̀ tí ògiri rẹ̀ kan tiwa